Ọsàn Wẹ́wẹ́ Mẹ́ta Nínú Ike Bọ́là

Ìyá, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó, torí tí mo bá jókòó báyìí ọ̀rọ̀ yìí á tún rọra padà sínú mi bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́ títí di ọdún Iléyá! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ẹ̀wà ṣíṣà. Alfa ńkọ́? Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí? Wọn ò ní í tètè dé? Ó dá yín lójú? Alihamudulilahi! Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá kí wọ́n tó wọlé, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n, ó kàn wọ́n gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n jà lólè.

Wọ́n jà mí lólè, bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ má wo àpò mi, fóònù mi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ eṣinṣin ni. Rárá, ẹ gbọ́ ná, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín! Mo lé eṣinṣin lọ, wọ́n ní kì í ṣe èmi ni mo lé e.

Èmi Sàbíù, Ìyá, èmi tí ẹ mọ̀ yìí, tí ojú máa ń tì láti sọ fún méètì tó ń gbowó nínú ọkọ̀ tròtrò pé mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀! Òní gan-an ńkọ́? Kaneshie ni mo ti wọkọ̀, mo rí ìkóríta Lapaz yín tó ń bọ̀, mo la ẹnu, mo tún pa á dé, ọkọ̀ kọjá, mo ní bóyá ẹlòmíràn á sọ̀kalẹ̀ níwájú, ẹlòmíràn ò sọ̀kalẹ̀, a ti dé ibi tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ kí obìnrin kan tó gbé abọ́ tòmátì tó kígbe, mo bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà. Ẹ wo eruku. Èmi tí mo rí báyìí ni mo lé eṣinṣin odidi ilé oníyàrá mọ́kànlá, láìpariwo, láìlu nǹkan kan, ẹ wá lọ bi wọ́n nílé wa pé ta ló lé e, wọ́n á ní Alfa Jàfárù ọkọ yín ni! Wọ́n á ní àdúrà ni! Adìyẹ tí Maame Afua onílé wa gbé wá síbí lánàá, tó fi aṣọ pupa so lẹ́sẹ̀, adìyẹ ta ni? Adìyẹ mi ni! Wáláhì, Ìyá, adìyẹ mi ni!

Háà. Ẹ jẹ́ n mí.

Ẹ ṣáà mọ ike bọ́là ilé wa. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wá kí ìyá mi nígbà ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ fi ìborùn dí imú láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú yàrá, tí ẹ ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe yín? Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Mo máa ń rí nǹkan, Ìyá, mi ò kàn lè sọ ọ́ ni. Yàrá mọ́kànlá, ike ìdọ̀tí kan ṣoṣo, ike dúdú gbàǹgbà tí oòrùn ń dáná sí láti àárọ̀ títí di aláásárì, ìdérí rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹnu ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀. Ẹni tó se bànkù, á da omi rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó tún ẹja ṣe, á da ìfun àti ìpẹ́ síbẹ̀ tòun ti ẹ̀jẹ̀. Èèpo kẹ́ńkẹ́, ewé tí wọ́n fi pọ́n wáákyé, pámpá ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ń wẹ̀ nínú omi kan náà. Tí ẹ bá ṣí i, eṣinṣin á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, gbììì, bí ẹ̀rọ ìlọta! Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ àbóbóyáà kó bọ́là, tó jẹ́ pé bọ́là ni iṣẹ́ rẹ̀, bọ́là ló fi ń bọ́ ọmọ, tó bá dé ilé wa á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbójú sókè wo ọ̀run, kó tó wọlé.

Èmi wá parí ilé ìwé, mò ń dúró de èsì ìdánwò, kò sí nǹkan tí mò ń ṣe, mo máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn iwájú yàrá wa. Ìyá mi á kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ wo Sàbíù, ó jókòó, ó ń wo eṣinṣin." Wọ́n á kọjá padà, "Ó ṣì ń wo eṣinṣin." Wọ́n rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ eṣinṣin ni mò ń wò lóòótọ́!

Mo wò ó, Ìyá. Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ mọ ohun tí mo rí? Eṣinṣin kì í bà lé ohun gbígbẹ. Kò ní iṣẹ́ kankan pẹ̀lú ohun gbígbẹ. Ewé wáákyé tó bá ti gbẹ, á fò ó kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè ṣe ń fo iwájú ilé olówó. Omi ló ń wá. Omi ẹja, omi ọbẹ̀, omi bànkù. Mo sì rí ibi tó ń yé sí, ibi tí kò sí ẹni tó ń wò: abẹ́ etí ìdérí, níbi tí ọwọ́ ti máa ń fọ̀rá mọ́ ọn. Ẹyin funfun wínníwínní tò síbẹ̀ bí ẹ̀rún ìrẹsì, tó bá dọjọ́ kejì nínú ooru yìí ó ti di ìdin. Mo tún rí i pé tí àbóbóyáà bá kó bọ́là lọ ní Àtàláátà, eṣinṣin kì í bá a lọ! Wọ́n á dúró. Kí ló dá wọn dúró? Mo dọ́bálẹ̀ wo inú ike, mo rí i: omi dúdú kan wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò dà nù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ike náà. Ìyá, omi yẹn dàgbà ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ!

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́rìí mi níbi yìí, torí ibi tó dùn mí nìyí. Mo sọ ọ́! Mo tọ Maame Afua lọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, ó ń gbé abọ́ ẹja bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi, mo ti fi gbogbo òru tó ṣáájú tò ó sẹ́nu, mo ní, "Maame, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá lè ro omi ẹja dà nù ná, kí a fi ìwé ìròyìn wé ìfun rẹ̀, kí a..." Ó ní, "Sàbíù, yà fún mi kí n kọjá." Mo yà. Ó kọjá. Ó da omi ẹja náà sí ike níṣojú mi!

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n lọ wá iṣẹ́ kọ́.

Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi ike. Zuweira tó ń ta ògì kókó àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa já a ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi wé àkàrà. Mo mọ̀ nítorí àkàrà tèmi ni ó fi wé! Mo ń jẹ ẹ́, mo ń ka ìwé mi lára òróró: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé e." Kí ni kí n ṣe? Mo jẹ àkàrà náà tán. Ó dùn.

Mo wá ní kò burú, tí ẹnu mi kò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi á ṣiṣẹ́. Ní Àtàláátà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí àbóbóyáà ti kó bọ́là lọ, tí gbogbo àgbà ilé ti lọ sọ́jà, mo dojú ike náà délẹ̀. Ìyá, ẹ má jẹ́ n sọ ohun tó jáde. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ etí rẹ̀ níbi tí ẹyin wà, mo fi sí oòrùn títí ó fi gbẹ tó ń dún kókó. Mo gbé e kúrò níbi tó wà, mo gbé e sábẹ́ igi dóńgóyárò níbi tí ibòòji wà. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, mo bu eérú lé e, eérú tí mo gbà níbi ààrò Zuweira, mo ní mo fẹ́ fi fọ ìkòkò. Mo ti gé ọ̀já kan lára tíúbù táyà tí fítà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe jù nù ní Abossey Okai, mo fi fa ìdérí tó ya yẹn mú, ó wá ń dé pátápátá, páà! Ìró yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ṣí i, mo dé e, nígbà mẹ́wàá.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá mú ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo là wọ́n sí méjì-méjì láìjẹ́ kí wọ́n já, mo gún kànáfùrù mọ́ wọn lára yípo, mo tò wọ́n sórí eérú.

Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Mo rí i tí ẹ gbójú sókè! Ẹ ti mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ibí ni! Inú ilé ìdáná yín yìí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, nínú ike kékeré aláwọ̀ ewé yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ké kéwú nínú àgbàlá yìí, ẹ rò pé wàláà nìkan ni mo ń wò? Mo ń wo bí ẹ ṣe máa ń fi asẹ́ ro ọbẹ̀ tó bá kan kí ẹ tó dà á nù. Mo ń wo bí ẹ ṣe máa ń wé ìfun ẹja sínú ìwé, tí ẹ ó kó o sínú rọ́bà, tí ẹ ó tì í sí igun firísà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó bọ́là. Lọ́jọ́ kan Àmínátù yín yọ ọ́ síta ó rò pé ẹran ni, ẹ rántí? Ẹ pariwo! Ojú mi wà lára wàláà, àmọ́ etí mi wà lọ́dọ̀ yín.

Ó ṣáà di ọjọ́ kejì, Alárùba. Zuweira gbé èérí rẹ̀ dé ibi ike, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀. Ó rí eérú funfun. Ó rí ọsàn mẹ́ta tó jókòó lórí eérú. Ó rí kànáfùrù tó yí wọn ká bí ojú. Ìyá, abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fò lọ síbì kan, òun alára fò lọ síbì kejì! Igbe tó ké, àwọn tó wà nínú ilé ìwẹ̀ jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Maame Afua sáré dé, ó wo inú ike, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké pe Olúwa, "Awurade! Awurade, hwɛ! Ta ló gbé èyí sínú ilé mi?" Ẹnì kan ní oògùn ni, pé ọsàn mẹ́ta, yàrá mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi mú. Ẹnì kan ka kànáfùrù, ó ní ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Irọ́ ni! Mẹ́rìnlélógún ni, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni mo gún un, mo fẹ́ sọ fún un pé kó tún un kà! Ewúrẹ́ ilé kejì wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, gbogbo wọn sá sẹ́yìn! Wọ́n ní ewúrẹ́ náà ti rí nǹkan.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn náà, ó wà ní ọ̀fun mi níbí yìí. Àmọ́ Maame Afua yíjú, ó wo yàrá wa. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n wo yàrá wa. Ẹ mọ̀ pé àwa nìkan ni Yorùbá, Anago tí wọ́n ń pè wá, nínú ilé yẹn. Kò sí ẹni tó ní àwa ni. Wọ́n kàn wo ìyá mi, tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ìyá mi tí wọ́n bí ní Accra níbí, tó ti gbé inú ilé yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó jẹ́ òun ló gbẹ̀bí Zuweira. Mo rí ọwọ́ wọn lára ìgbálẹ̀ yẹn, Ìyá. Wọ́n rọra gbé e sẹ́yìn ara wọn. Mo la ẹnu. Wáláhì mo la ẹnu, mo fẹ́ ní, "Èmi ni, nítorí eṣinṣin ni." Ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Mo dúró bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì.

Ìyá mi ló wá gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ẹ lọ pe Alfa Jàfárù. Kí wọ́n wá wò ó níṣojú gbogbo wa."

Alfa dé lẹ́yìn aláásárì, pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá wọn, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Gbogbo ilé yí ike ká bí ìgbà tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Alfa bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọsàn kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n tún un gbóòórùn. Wọ́n wo ojú gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó kan èmi ó dà bí ẹni pé ojú wọn pẹ́ díẹ̀, àmọ́ mo ní ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ṣe àdúrà, ó gùn, ó dára. Wọ́n wá ní kò sí ibi kankan nínú ohun tí wọ́n rí, oore ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọsàn náà. Ó tán? Kò tán! Ibí ni wọ́n ti jà mí lólè. Wọ́n ní, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ méje, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sínú ike yìí. Maame Afua ní, "Àmí!" Wọ́n ní ẹni tó bá tún ẹja ṣe, kó fi ìwé wé ìfun rẹ̀, kó fi pamọ́ sí firísà di ọjọ́ àbóbóyáà. "Àmí!" Kí wọ́n máa bu eérú sí i ní ìrọ̀lẹ́. "Àmí!" Kí wọ́n dé e, kí wọ́n rí i pé ó dé. "Àmí, Àmí, Yesu!" Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kó o, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ abẹ́ etí rẹ̀, kí wọ́n sá a sóòrùn. Maame Afua ti ń sunkún!

Ìyá! Ọ̀rọ̀ mi ni! Ọ̀rọ̀ mi gan-an, láti orí dé ìdí! Obìnrin yìí kan náà ló ní kí n yà kí òun kọjá! Zuweira ló fi wé àkàrà! Ọ̀rọ̀ kan náà, èmi sọ ọ́, ó di ìwé àkàrà, Alfa sọ ọ́, ó di àmí. Ṣé nítorí irùngbọ̀n ni? Ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n dá irùngbọ̀n sí? Kò tíì hù dáadáa, ẹ wò ó.

Láti ọjọ́ náà, ẹ wá wo ilé wa. Eṣinṣin dà? Mo ka eṣinṣin ní Jímọ̀, ó jẹ́ mẹ́rin. Ní Àtìní, ọ̀kan, òun náà dà bí àlejò tó ṣì ọ̀nà. Òórùn dà? Àwọn obìnrin ti gbé àpótí lọ sábẹ́ dóńgóyárò, wọ́n ń di irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike bọ́là! Wọ́n ń jẹun níbẹ̀! Ọkùnrin àbóbóyáà dé ní Àtàláátà, ó ṣí ike, ó dé e padà, ó ní ṣé a ti kó kúrò nínú ilé yìí ni. Maame Afua, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í ṣí ìdérí yẹn mọ́ láìkọ́kọ́ ní bísímílà. Àwọn ọmọdé, tí wọ́n bá fẹ́ ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n mu tán síbẹ̀, wọ́n á ní àmí kí wọ́n tó jù ú. Mo rí ọmọ kan tó ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ láìsọ àmí, àwọn yòókù ní kó lọ yọ ọ́, kó tún un jù!

Ó sì ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, ẹ má bínú. Mo ń pààrọ̀ ọsàn náà. Tó bá ti fẹ́ bàjẹ́, lẹ́yìn àsùbá, kí wọ́n tó jí, mo máa ń mú u kúrò, mo máa ń fi tuntun sí i. Mo rò pé wọ́n á mọ̀. Ta ni kò ní mọ̀? Ìyá, wọ́n ní ọsàn Alfa kì í rà! Wọ́n ń pe ará ilé kejì wá wò ó! Ọjọ́ kan mo fi èyí tó tóbi díẹ̀ rọ́pò èyí tó kéré, wọ́n ní ó ń dàgbà!

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bi mi ni, mo mọ̀. Ẹ nu omijé yín ná, ó ń kán sínú ẹ̀wà.

Tí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá má wá. Kí wọ́n gba ìyìn, kí Alfa jẹ adìyẹ, ojú ìyá mi ti mọ́lẹ̀ padà nínú ilé, ó tó fún mi. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ Maame Afua lórí fóònù pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tó ń ta fùfú ní Abossey Okai, láàárín àwọn fítà. Àbúrò náà ní ike mẹ́rin, Ìyá! Mẹ́rin! Ìfun ewúrẹ́, omi ọbẹ̀, egungun! Maame Afua sì ń ṣàlàyé fún un, ó ní, "Alfa á wá lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀, á gbàdúrà, eṣinṣin á lọ níṣojú rẹ." Níṣojú rẹ! Lọ́jọ́ kan náà! Mo ń retí kó sọ̀rọ̀ omi. Kò sọ̀rọ̀ omi. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀ eérú. Kò sọ ọ́. Ó ní àdúrà nìkan ni, ó ní kí ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wò ó.

Ẹ mọ àwọn fítà Abossey Okai? Èmi mọ̀ wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa tíúbù. Ẹnì kan ṣubú sínú gọ́tà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, títí di òní Bàbá Gọ́tà ni wọ́n ń pè é, ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀! Tí Alfa bá dúró níwájú ike mẹ́rin yẹn lọ́la, tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, tí wọ́n gbàdúrà tán, tí eṣinṣin kan wá rọra bà lé wọn níwájú orí, kí lẹ rò pé wọ́n á máa pe Alfa Jàfárù, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi? Alfa Eṣinṣin! Orúkọ náà á máa bá wọn kiri títí! Wọ́n á sì ní àdúrà ni kò gbà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdúrà, omi ọbẹ̀ ni, èmi ni, èmi tí mo dákẹ́! Ìyẹn ni mo ṣe dìde lórí àtẹ̀gùn, ni mo ṣe wọ tròtrò.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo wá bẹ̀ yín fún. Ẹ fún mi ní kànáfùrù ẹ̀kún ọwọ́ kan, tèmi ti tán. Èkejì, mi ò lè sọ ọ́ fún Alfa fúnra mi, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀ mí, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n mú mi dání lọ́la, kí wọ́n ní èmi ni mò ń gbé kẹ́tù. Kí wọ́n wá ṣe àdúrà náà kó gùn. Kó gùn dáadáa, Ìyá! Kí gbogbo wọn dijú. Bí wọ́n bá ṣe ń dijú, màá máa fọ ike. Àdúrà kan sí ike kan, mo ti ṣírò rẹ̀, tí Alfa bá fi ohùn fà á díẹ̀...

Kí lẹ ní?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín jù, mi ò gbọ́.

Wọ́n mọ̀? Alfa mọ̀? Láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ yẹn? Ọjọ́ tí wọ́n gbóòórùn ọsàn? Háà! Ṣùbúhánáláhì! Wọ́n ní òórùn ilé ìdáná àwọn ni! Wọ́n wá dé, wọ́n bi yín pé èwo nínú àwọn ọmọ kéwú ló máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn? Ẹ̀yin náà mọ̀! Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí n máa fò sókè fò sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́! Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ́? Nítorí kí ni? Títí di ìgbà tí èmi fúnra mi bá la ẹnu?

Mo ti là á. Yéè. Mo ti là á, àbí? Láti ìgbà wo ni mo ti ń sọ̀rọ̀? Ẹ̀wà ti tán lórí àtẹ!

Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn? Ẹ má ṣí i, mo ti yó... Itan ni. Itan méjèèjì! Wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín? Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú nǹkan báyìí sí mi láìjẹ́ pé mo jókòó. Ó dáa, mo ti jókòó. Ó gbóná. Ó dùn. Adìyẹ mi!

Ẹ̀ẹ́n? Kí ni wọ́n tún sọ fún Maame Afua lánàá? Pé àwọn á gbàdúrà... lẹ́yìn náà ni ọmọ kéwú àwọn á dúró, á sọ fún wọn bí wọ́n á ṣe ṣe é? Ọmọ kéwú wo? Èmi? Níwájú àwọn fítà? Kí n la ohùn, kí n ní, "Ẹ ro omi ọbẹ̀ dà nù"? Láéláé! Maame Afua á wà níbẹ̀? Òun náà á gbọ́ ọ láti ẹnu mi? Òun tó ní kí n yà?

Á ní àmí?

Hẹ̀! Hẹ̀hẹ̀! Á ní àmí fún mi! Ẹ jẹ́ n rò ó wò. "Maame, ẹ dé e dáadáa." "Àmí!" Yéè, Ìyá, màá kú ẹ̀rín! Ó dáa. Mo gbà. Ẹ bá mi sọ fún Alfa pé mo gbà, màá sọ̀rọ̀ lọ́la, màá sọ ọ́ títí á fi rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wọ tròtrò kan náà, tí a bá ti dé Abossey Okai kí wọ́n sọ fún méètì pé a fẹ́ sọ̀kalẹ̀, torí ìyẹn, wáláhì, mi ò lè ṣe é!